Ẹ Fún Ọmọ Ní Ayùn

“Bí ìwé kò bá wọ̀ ọ́ lórí, a ó mú ọ lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà.” Ọ̀pọ̀ ọmọ nílẹ̀ Yorùbá ló ti gbọ́ ìhàlẹ̀ yìí rí, pàápàá lọ́jọ́ tí èsì ìdánwò bá jáde tí kò dára. Àga tí bàbá fìdí lé nígbà tó ń sọ̀rọ̀ náà, káfíńtà ló kàn án. Tábìlì tí wọ́n tẹ́ ìwé èsì lé, káfíńtà ló kàn án. Ilẹ̀kùn tí ọmọ gbà jáde lọ sunkún lẹ́yìnkùlé, ẹnìkan ló jókòó wọn pákó rẹ̀, tó fá a, tó dè é.

Iṣẹ́ tí a bá fi dẹ́rù ba ọmọ kò lè wù ú láti kọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde ètò ẹ̀kọ́ tuntun fún ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ kún ẹ̀kọ́ girama àgbà ní 2011, iṣẹ́ 34 ló wà lórí àkọsílẹ̀ tí ọmọ lè mú ọ̀kan nínú wọn. Iṣẹ́ káfíńtà wà níbẹ̀, àga ṣíṣe wà níbẹ̀, tìmùtìmù rírán náà wà níbẹ̀. Nínú ètò tuntun yìí, mẹ́fà péré ló wà: iná oòrùn, aṣọ rírán, ẹran sísìn, ìṣaralóge, àtúnṣe kọ̀ǹpútà àti fóònù, àti ọ̀gbìn. Káfíńtà ti bọ́ sílẹ̀. A kò gbọ́ ariwo nítorí rẹ̀.

Kí á má purọ́ mọ́ ìjọba, 34 yẹn pọ̀ jù. Ilé ìwé tí kò ní tábìlì ìkọ̀wé tó tó kò lè ní irinṣẹ́ iṣẹ́ 34. Ní ọ̀pọ̀ ibi, inú ìwé ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ náà, ọmọ a kọ orúkọ ayùn mẹ́rin sínú ìdánwò láìfọwọ́ kan ẹyọ kan. Dídín tí wọ́n dín in kù ní ìdí tirẹ̀. Àmọ́ igi kọ́ ló yẹ kí wọ́n yọ. Bí a bá sì wò ó dáadáa, girama àgbà gan-an kọ́ ló yẹ kí ọmọ ti pàdé igi. Ó ti pẹ́ jù níbẹ̀. Àti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, ọmọ ọdún mẹ́fà, méje, mẹ́jọ ló yẹ kí á fún ní òòlù.

Ìdí tí a ó fi fún un kì í ṣe pé kí ó lè di káfíńtà. A ń kọ́ gbogbo ọmọ ní ìṣirò láìretí pé gbogbo wọn ni yóò di oníṣirò ní báńkì. A ń kọ́ wọn ní orin láìretí pé wọn yóò ṣe àwo. Igi náà rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí yóò di dókítà, ọmọ tí yóò di aṣòfin, ọmọ tí yóò jókòó sídìí kọ̀ǹpútà títí ayé rẹ̀, gbogbo wọn ló yẹ kó ti fá pákó kan rí kó sì rí i pé kò tẹ́jú, kó tún un fá.

Àwọn kan ti rí èyí láti ayé àtijọ́. Ní Fínlándì, àlùfáà ìjọ Luther kan tó ń jẹ́ Uno Cygnaeus ló jà fún un, nígbà tí òfin tó dá ilé ìwé gbogbogbòò sílẹ̀ níbẹ̀ sì jáde ní 1866, iṣẹ́ ọwọ́ wà nínú ẹ̀kọ́ tí ilé ìwé gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ. Ní Swídìn tó múlé gbè wọ́n, Otto Salomon gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Nääs, lórí ilẹ̀ arákùnrin ìyá rẹ̀, ó sì kọ́ àwọn olùkọ́ tó wá láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ bí wọn yóò ṣe fi igi kọ́ ọmọ. Ọ̀bẹ ni irinṣẹ́ tó kọ́kọ́ ń fi lé ọmọ lọ́wọ́, nítorí ọ̀bẹ ni ọmọ oko ti mọ̀ nílé. Ohun tí ọmọ bá sì ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó wúlò nínú ilé, kì í ṣe àwòrán tí wọn yóò kó sí kọ́bọ́ọ̀dù. Láti orí ohun tó rọrùn ni wọ́n ti ń bọ́ sórí èyí tó le, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí ọwọ́ ọmọ yóò fi mọ̀ ọ́n. Slöjd ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ náà. Títí di òní, dandan ni fún ọmọ ilé ìwé ní Swídìn, ọkùnrin àti obìnrin. Orílẹ̀-èdè tó ń ṣe ọkọ̀ àti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tà fún gbogbo ayé kò rò pé ọmọ òun ti ga ju ayùn lọ.

Àmọ́ kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé láti Swídìn ni a ó ti kọ́ bí a ṣe ń fi igi tọ́ ọmọ. Ó wà nílé.

Àwọn Yorùbá máa ń ya gbẹ́nàgbẹ́nà sọ́tọ̀ sí káfíńtà. Gbẹ́nàgbẹ́nà ń yọ nǹkan kúrò lára igi títí ohun tó wà nínú rẹ̀ yóò fi jáde, káfíńtà ń kan pákó mọ́ pákó. Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni ti àwọn baba ńlá, inú rẹ̀ ni ètò ẹ̀kọ́ tó gún régé jù lọ sì wà. Kevin Carroll, àlùfáà ìjọ Àgùdà tó bá àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Èkìtì ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́ láti 1947, kọ ọ́ sílẹ̀ bí iṣẹ́ náà ṣe ń rìn. Lákọ̀ọ́kọ́ ni lílé, nígbà tí ọ̀gá yóò fi àáké yọ orí, ara àti ẹsẹ̀ ère gàdàgbà láti inú ìtì igi. Àlétúnlé tẹ̀ lé e, nígbà tí imú, etí àti ọwọ́ yóò máa hàn. Dídán ló kàn, ara ère yóò jọ̀lọ̀. Lẹ́yìn náà ni fínfín, tí ọ̀bẹ yóò fi irun, ìlà ojú àti ọ̀ṣọ́ aṣọ sí i. Ọmọ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ níbi lílé. Ìparí iṣẹ́ ni wọ́n ti ń mú un wọlé, níbi tí àṣìṣe kò ti lè ba odindi ère jẹ́. Ọmọ a fi ewé ìpín ha ara igi kó lè dán, a fọwọ́ pa á, a mọ ibi tí ó ṣì le. Kó tó di pé wọ́n fi àáké lé e lọ́wọ́, ìka rẹ̀ ti mọ bí iṣẹ́ tó parí ṣe ń rí. Ẹni tó bá ti kọ́ ọmọ ní nǹkan rí yóò mọ̀ pé ọgbọ́n ńlá nìyí.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni Làmídì Fákẹ́yẹ ti jáde, ní Ìlá Ọ̀ràngún, ní ìdílé tí wọ́n ti ń gbẹ́nà láti ìran dé ìran. Láti kékeré ló ti ń wo bàbá rẹ̀. Ó tún lọ bá George Bándélé, ọmọ Arèógun ará Ọ̀sì, ní ibùdó tí Carroll ti ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ó sì fi ọdún mẹ́ta kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin tó fi ọwọ́ kọ́ igi yìí ló wá di olùkọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, kó tó ṣaláìsí ní 2009. Ṣáájú rẹ̀ ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ tó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní 1924, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ rà á, Ògògà kò gba owó, àfi ìgbà tí wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ló ṣì wà. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó bá fẹ́ fojú rí i gbọ́dọ̀ wọ bàálù.

Kí ló dé tí ilé ìwé kò fi mú nínú ọgbọ́n yìí? Wọ́n gbìyànjú, àmọ́ ẹ̀yìn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1982 ni ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 gbéra. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama ni ọmọ yóò ti máa fọwọ́ kan irin, igi àti iná, lábẹ́ ẹ̀kọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ sí Intro Tech. Ìjọba náwó ńlá ra ẹ̀rọ láti òkè òkun, wọ́n pín in káàkiri. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, àpótí pákó tí wọ́n fi di ẹ̀rọ náà kò ṣí. Kò sí iná mànàmáná tí yóò gbé e, kò sí yàrá tí yóò gbà á, kò sí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò. Òjò pa á, ó dógùn-ún. Pákó àpótí yẹn nìkan ì bá ti tó kíláàsì kan fi kọ́ṣẹ́ fún odindi táàmù, bí ẹnìkan bá fún wọn ní ayùn àti òòlù.

Kókó ọ̀rọ̀ nìyẹn. Irinṣẹ́ ọwọ́ kò bèèrè iná NEPA. Kò bèèrè epo jẹnẹrétọ̀. Ayùn kékeré márùn-ún, òòlù márùn-ún, ìfági méjì, síṣẹ̀lì díẹ̀, tépù, síkúà, fáìsì tí a dè mọ́ tábìlì tó lágbára, àti òkúta ìpọ́nrin: ilé ìwé tó bá ní ìwọ̀nyí ti ní ohun tí ogún ọmọ lè máa pín lò. Igi kò jìnnà. Ní ọjà pákó Bódìjà n’Íbàdàn, ní ibi ìlagi gbogbo nílẹ̀ yìí, àjákù pákó ni wọ́n ń dáná sun. Arère rọ̀, ó fúyẹ́, kò ní da ọmọ láàmú. Afárá náà dára. Kí wọ́n má ṣe kọ́kọ́ fún un ní àpá tàbí ìrókò, igi líle yóò mú kí iṣẹ́ sú u ní ọjọ́ kìíní.

Kí ni yóò fi ṣe? Ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà kan, “iṣẹ́ ọwọ́” ni pé kí ọmọ mú ìgbálẹ̀ tàbí àgbọ̀n wá lópin táàmù. Ọmọ a lọ rà á lọ́jà, olùkọ́ a fún un ní máàkì, gbogbo wọn sì mọ̀. Irú èyí kò kọ́ ọmọ ní nǹkan kan àfi irọ́. Ẹ jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orógùn. Igi kan, ọ̀bẹ kan, ewé ìpín tàbí sáńpépà. Bí orógùn bá wúwo jù, ìyá yóò sọ fún un nígbà tó bá ro ọkà. Bí ẹnu rẹ̀ bá rí gbágungbàgun, àmàlà yóò ní kókó. Ìdánwò tí kò ní ojúsàájú nìyẹn, kò sì sí olùkọ́ tó nílò láti mú bírò pupa.

Lẹ́yìn orógùn, àpótí ìjókòó. Pákó márùn-ún ni: ìjókòó kan, ẹsẹ̀ méjì, ìdè méjì. Ó dà bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀, títí ọmọ yóò fi gé ẹsẹ̀ kan kúrú tí àpótí yóò fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ibẹ̀ ni ìṣirò ti ń di ohun tí a ń fìdí mọ̀. Olùkọ́ ti kọ ọ́ sára pátákó pé bí ẹ̀gbẹ́ kan bá jẹ́ 3, tí èkejì jẹ́ 4, tí ìdábùú sì jẹ́ 5, igun náà gún. Ọmọ há a sórí, ó gbàgbé. Ẹ jẹ́ kó wọn 30 sẹ̀ǹtímítà sí etí pákó kan, 40 sí èkejì, kó wá fi tépù dábùú wọn kó rí 50 géérégé: kò ní gbàgbé mọ́. Gbogbo káfíńtà tó ń kan férémù fèrèsé ló mọ ọgbọ́n kejì, pé bí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú síra bá gùn dọ́gba, tí ìdábùú méjèèjì náà sì dọ́gba, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lọ sí girama, ìmọ̀ Pythagoras sì wà lọ́wọ́ wọn lójoojúmọ́.

Igi tún ní ìwà. Ó ní ọ̀nà tí ara rẹ̀ gbà, bí ìfági bá bá a lọ, èérún rẹ̀ yóò máa ká jáde wẹ́rẹ́, bí ó bá lòdì sí i, ara pákó yóò fà ya. Pákó tútù yóò sún kì, yóò sì lọ́ bó bá gbẹ. Ibi tí ẹ̀ka ti yọ le ju ibòmíràn lọ. Kò sí bí ọmọ ṣe lè fi ìbínú borí àwọn nǹkan wọ̀nyí. Yóò dúró, yóò yí pákó náà padà, yóò gbìyànjú láti apá kejì. Ní ayé tí ìka ọmọ ti mọ́ fífọwọ́ ra ojú fóònù, tí ohun gbogbo ń dáhùn lójú ẹsẹ̀, ó dára kí ó pàdé ohun kan tí kò ní yára nítorí rẹ̀.

Ìyá yóò bèèrè pé: bó bá gé ọwọ́ ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rín dáhùn. Ìyá yìí kan náà ló ń fún ọmọ ọdún mẹ́jọ ní ọ̀bẹ pé kó bó iṣu, tó ń rán an pé kó fi àdá gé ewé wá. Ọmọ Yorùbá kò ṣàjèjì sí irin. Ohun tó yẹ ni pé kí ẹni tó ń kọ́ ọ mọ òfin rẹ̀, kó sì pa á mọ́. Kí pákó wà nínú fáìsì kí ayùn tó kàn án, kì í ṣe pé kí ọmọ fi orúnkún tẹ̀ ẹ́. Kí ọwọ́ méjèèjì wà lẹ́yìn ojú síṣẹ̀lì nígbà gbogbo. Kí á máa fi ọ̀bẹ gé síwájú, kí á má fi gé sí ara. Kí irin mú, nítorí èyí tó kú ló ń béèrè agbára, agbára náà ló ń mú un yọ̀ wọ inú àtẹ́lẹwọ́. Kí ọmọ má pọ̀ ju ohun tí ojú àgbà kan lè ká lọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà kan ìṣó, ó ha igi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ mú ayùn. Síṣẹ̀lì lè dúró di ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀rọ tó ń gé pákó ní ìṣẹ́jú àáyá kan lè gba ìka lọ kí ọmọ tó pariwo. Ayùn ọwọ́ a máa kọ́kọ́ kìlọ̀.

Ọ̀rọ̀ obìnrin kò yẹ kó gba àríyànjiyàn. Kò sí ìdí tí ọmọbìnrin kò fi ní mú ìfági. Ẹni tó ń jókòó lórí àpótí nídìí ààrò ju ẹnikẹ́ni lọ ló yẹ kó mọ bí wọ́n ṣe ń kàn án.

Ta ni yóò kọ́ wọn? Salomon ta kú pé olùkọ́ tó gba ẹ̀kọ́ ni kó máa ṣe é, kì í ṣe oníṣẹ́ ọwọ́. Ní Swídìn ìgbà náà, ó ṣeé ṣe kó jàre. Níbí, kò jàre. Káfíńtà tó ní ọwọ́ wà ní àdúgbò gbogbo, ọ̀pọ̀ wọn sì ti ń darúgbó láìní ọmọ iṣẹ́. Kí ilé ìwé pè é wọlé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí olùkọ́ dúró tì í, kí wọ́n sanwó fún un bí ẹni tó mọ nǹkan. Inú ilé ìwé ló sì dára kó ti ṣẹlẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ iṣẹ́ lè fi ọdún kan gbálẹ̀, kó máa gbé oúnjẹ ọ̀gá, kó tó fọwọ́ kan irinṣẹ́. Ìgbà tó bá gba fíríìdọ̀mù, ohun tí ọ̀gá fẹ́ kó mọ̀ ló mọ̀.

Ìlú Èkó ti rí ohun tí ọwọ́ tó kọ́ṣẹ́ dáadáa lè ṣe. Nígbà tí àwọn Àgùdà, àwọn tó padà bọ̀ láti oko ẹrú ní Brazil, dé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ káfíńtà àti bíríkìlà. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú wọn, ló ya àwòrán mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, tó ṣì dúró ní òpópónà Martins. Àmọ́ Ìlójo Bar ní Tinúbu, ilé àwọn Àgùdà tí ìjọba ti kọ sílẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn, ni wọ́n wó lulẹ̀ ní 2016. Lónìí, ẹni tó bá ń kọ́lé l’Ékòó tàbí n’Íbàdàn tó fẹ́ kí iṣẹ́ òrùlé àti ilẹ̀kùn rẹ̀ gún, ọmọ Kútọnu tàbí ọmọ Tógò ni wọ́n sábà máa ń júwe fún un. Ọmọ ìyá wa ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ Yorùbá, oúnjẹ òòjọ́ wọn kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó dun ni pé ilẹ̀ Ọlọ́wẹ̀ àti Fákẹ́yẹ kò ní ọwọ́ tó tó mọ́.

Ètò tuntun ti jáde, kò sì dájú pé Àbújá yóò yára yí i padà. Àmọ́ ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ni ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà, kò sì sí òfin tó ní kí Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́, Èkìtì, Òǹdó, Ògùn tàbí Èkó má fi wákàtí méjì igi sínú ọ̀sẹ̀ ọmọ. Kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ má dúró de ẹnikẹ́ni. Owó tí wọ́n ń dá fún àríyá ìparí ọdún tó ra fáìsì méjì àti ayùn mẹ́rin. Ẹ̀yin òbí, ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ mú ọmọ yín lọ sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tó sún mọ́ yín. Ẹ bẹ ọ̀gá náà kó fún un ní àjákù pákó kan àti ayùn kékeré, kí ẹ dúró tì í, kí ó gé e fúnra rẹ̀.